140 lórí 90: ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pe nọ́ńbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Bí ẹnì kan bá jókòó síwájú dókítà ní Houston, tí ẹ̀rọ kọ 134 lórí 84, dókítà yóò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà gbé nọ́ńbà yẹn dé Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yóò ní kò tíì dé bẹ̀. Ìdáhùn Lọ́ńdọ̀nù náà ni yóò gbà ní Ìbàdàn. Ara kan náà ni, ọkàn kan náà ni. Ààlà ni kò papọ̀. Ní ọdún 2017 ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà fa ààlà wálẹ̀ láti 140/90 sí 130/80, wọ́n sì tún dúró lórí rẹ̀ nínú ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, kò kúrò lórí 140/90, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò kúrò níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù wá ibì kan dúró sí láàrin ní 2024: wọ́n fi 140/90 sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti 120/70 lọ sókè, ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ iṣan tó ń gbé e, ti ń gbéra, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Àríyànjiyàn yìí ní ìwúlò tirẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ wá lógún. 10 péré ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí aláìsàn kàn máa bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, 10 yẹn lè ti wọlé. Kí apá rẹ̀ rọ̀ dirodiro sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó lè mú púpọ̀ nínú 10 mìíràn wá. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 128 gan-an lè gba ìwé oògùn lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni 148. Òdìkejì rẹ̀ tún wà, èyí tó burú jù ú lọ: ẹni 150 tí wọ́n kọ 138 fún, tí wọ́n ní kó máa lọ ní àlàáfíà, tí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ sì ń gba ìyà lọ ní ìdákẹ́jẹ́.

WHO ṣírò pé bílíọ̀nù 1.4 àgbàlagbà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé ní 2024, àti pé díẹ̀ ló fi ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ nínú wọn tí tirẹ̀ wà ní ìkáwọ́. A ò lè kó ohun tí a kò wọ̀n dáadáa níkàáwọ́.

Ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n gan-an

Ìfúnpá, orúkọ tí Yorùbá ń pè é gan-an, sún mọ́ iṣẹ́ náà. Kí ẹ̀rọ tó dé, ìfúnpá ni oògùn tí àwọn baba wa ń so mọ́ apá, lókè ìgúnpá, tó fún mọ́ ẹran ara dáadáa. Ojú ibẹ̀ náà ni aṣọ ẹ̀rọ ń jókòó sí lónìí, fífún náà ló sì ń fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá kún inú aṣọ yìí, yóò tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́ pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Wọ́n á wá máa jò ó díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ bá borí fífún yẹn, ẹ̀jẹ̀ á já gba abẹ́ aṣọ kọjá, á sì máa dún gbì, gbì, gbì létí ẹni tó ń fetí sí i. Ibi tí dídún ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè. Bí aṣọ bá dẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn geere, kódà nígbà tí ọkàn ń sinmi láàrin lílù méjì, dídún á dákẹ́. Ibi tó ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, ló gbé ẹ̀rọ aláṣọ apá tó ní mẹ́kúrì jáde ní 1896; Nikolai Korotkov, ará Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé àwọn ìró náà ní 1905. Títí dòní, ìró Korotkov ni wọ́n ń fi dán ẹ̀rọ mìíràn wò.

Ẹ̀rọ oníbátìrì tó wà ní kẹ́míìsì àti nínú ilé wa kì í gbọ́ ìró kankan. Gbígbọ̀n inú aṣọ ló ń tọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, afẹ́fẹ́ inú aṣọ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ibi tí gbígbọ̀n náà ti le jù ni ẹ̀rọ rí mú dájú. Nọ́ńbà àárín nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fi ìṣirò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tò sínú rẹ̀ yọ nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀, wọn kì í sì í fi han ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ méjì fi lè sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí apá kan ṣoṣo, tí kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Torí náà, ìbéèrè tó tọ́ kí a bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni bóyá wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìlànà ISO 81060-2 ṣe là á kalẹ̀. Ìlànà yẹn béèrè pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lára ènìyàn 85 ó kéré tán, kí wọ́n fi wé ohun tí etí ènìyàn gbọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára páálí ẹ̀rọ ni kí ẹ fi wá a nínú STRIDE BP, àkójọ àwọn ẹ̀rọ tó yege lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó, torí ilé iṣẹ́ kan náà lè ní irú ẹ̀rọ tó yege àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí. Aago ọwọ́ tí kò ní aṣọ tí ń fún apá, àti áàpù tó ní kí ẹ fi ìka lé kámẹ́rà fóònù: ẹ má fi wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ ní 2023 pé ẹ̀rọ tí kò ní aṣọ apá kò tíì tó ohun tí a lè gbára lé fún un.

Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kò sí kọfí, kò sí sìgá tàbí áṣáà, kò sí ohun mímu agbára inú agolo, kò sí eré ìdárayá. Obì náà wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì, torí náà bàbá tó ń jẹ obì lórí ìlà nílé ìwòsàn ti ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè kó tó kàn án. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Àpòòtọ̀ tó kún lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún nọ́ńbà òkè.

Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìjókòó, láìsọ̀rọ̀, láìwo fóònù. Èyí ni wọ́n ń fò jù. Ènìyàn gorí ọ̀kadà dé, ó gun àtẹ̀gùn, ó bá èrò jà sí ìlà, bó ṣe ń fìdí lélẹ̀ báyìí ni wọ́n ti ń wé aṣọ mọ́ ọn lápá. Kò sí ohun tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè sọ ju pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé ìwòsàn tí èrò pọ̀ sí lè yanjú rẹ̀ láìnáwó: kí wọ́n to àga mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìwọ̀n, kí ẹni tó kàn máa sinmi níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọn ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Àga náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì àti àpótí kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹni tí kò rí nǹkan fẹ̀yìn tì ń fi iṣan ara gbé ara rẹ̀ ró, ìfúnpá á sì lọ sókè. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Fífi ẹsẹ̀ kan kọ́ orí èkejì lè mú 2 sí 8 wá. Kí ẹnu dákẹ́ títí ẹ̀rọ yóò fi parí iṣẹ́, ti nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú. Ìgbà tí aṣọ ń fún aláìsàn lápá kọ́ ni ìgbà tó yẹ kí a bi í pé, "Mà, oògùn wo lẹ lò láàárọ̀?"

Ibi tí apá wà ni kókó. Ẹni tó ní táǹkì omi lórí òrùlé mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára ju ti òkè lọ, torí omi tó wà lókè ń fi ìwúwo tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀. Bí apá bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà nísàlẹ̀ ọkàn, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ nìkan yóò fi 7 tàbí 8 kún nọ́ńbà méjèèjì. Bí apá bá ga ju ọkàn lọ, nọ́ńbà á lọ sílẹ̀ bákan náà. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde ní 2024 tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 133. Apá tó sinmi lé itan fi nǹkan bíi 4 kún nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ju apá tó sinmi lórí tábìlì lọ; apá tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fi 6.5 kún tòkè àti 4.4 kún tìsàlẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lábẹ́ agboòrùn lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́nu ọ̀nà ọjà: orí itan ni apá sábà máa ń wà, tàbí kí nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú lófuurufú. Tábìlì tó ga tó àyà ni kí wọ́n wá, tàbí ìrọ̀rí tí wọ́n ká, kí àárín aṣọ ẹ̀rọ dọ́gba pẹ̀lú àárín igbá àyà, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí apá má ṣe gbé ara rẹ̀ rárá.

Aṣọ apá, níbi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù

Bí a bá ní kí a mú ohun kan ṣoṣo tí a ó tún ṣe lórílẹ̀-èdè wa lọ́la, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni a ó mú. Ibi iṣẹ́ tó pọ̀ ní ẹyọ kan, òun náà ni wọ́n ń lò fún ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti fún ìyá olókòwò tí apá rẹ̀ tóbi tó itan ọmọ yẹn. Ẹ̀rọ kò ní kígbe pé aṣọ kò bá apá mu. Yóò kọ nọ́ńbà, nọ́ńbà náà á sì dà bí òótọ́.

Ìdí tí aṣọ kékeré fi ń parọ́ ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ apá tó nípọn bó ṣe yẹ. Ó ní láti fún púpọ̀ ju agbára ẹ̀jẹ̀ lọ kó tó lè tẹ iṣan pa, agbára àfikún yẹn ni ẹ̀rọ á sì kà mọ́ aláìsàn lọ́rùn. Aṣọ tó tóbi jù ń ṣe òdìkejì. Ìwádìí Johns Hopkins mìíràn, èyí tó jáde ní 2023, fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn: nígbà tí wọ́n lo aṣọ àgbà lásán fún àwọn tó yẹ kó lo aṣọ ńlá, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bíi 5 ga ju bó ṣe yẹ lọ, fún àwọn tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù lọ, ó fi 19.5 ga jù. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 125 ti di 144 láìṣe nǹkan kan. Fún àwọn tó yẹ kó lo aṣọ kékeré, nọ́ńbà wọn wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 4, ìyẹn ni pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú wọn lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Téèpù télọ̀ ti tó láti fi mọ aṣọ tó yẹ. Kí aláìsàn jẹ́ kí apá rọ̀. Ẹ wá egungun ṣóńṣó orí èjìká àti ṣóńṣó ìgúnpá, ẹ mú àárín méjèèjì, ẹ yí téèpù ká apá níbẹ̀ láìfún un. Sẹ̀ǹtímítà 22 sí 26, aṣọ kékeré. 27 sí 34, aṣọ àgbà lásán. 35 sí 44, aṣọ ńlá. 45 sí 52, èyí tó tóbi jù lọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ díẹ̀, torí náà ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀rọ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn ẹ̀rọ kan tún ní aṣọ tó bá apá 22 dé 42 mu. Ó dára, bí ẹ̀rọ náà bá yege pẹ̀lú aṣọ yẹn. Ẹ má gba aṣọ ilé iṣẹ́ kan kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn: aṣọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò inú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ń wé e, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 jìnnà sí ibi tí apá ti ń ṣẹ́, kí àmì tó wà lára rẹ̀ bọ́ sórí iṣan tó ń lù nínú apá. Kí ìka kan tàbí méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara òfìfo ni kó wà. Bùbá tó fẹ̀ lè ká lọ sókè láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n apá gáùn tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tó há, tí wọ́n bá fipá ká a dé èjìká, ó ti di okùn tó so apá. Ẹ bọ́ apá yẹn jáde, kódà bó bá gba pé kí wọ́n fa kọ́tìnnì.

Fún apá tó tóbi débi pé aṣọ kankan kò ká a, ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ tó yege lè rọ́pò, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ sí ìpele ọkàn. Fún àwọn yòókù, apá òkè ni kí ẹ dúró sí.

Bí wọ́n bá ń fetí gbọ́ ọ

Ẹ̀rọ mẹ́kúrì ti ń kọjá lọ. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì fi 2020 ṣe òpin ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé tàbí kíkó o jáde. Èyí tó kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ ojú aago, tó ní abẹ́rẹ́ tó ń yí. Ó fúyẹ́, kò gba bátìrì, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ lè yẹ̀. Kí wọ́n fi wé ẹ̀rọ mìíràn tó péye ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó pẹ́ tán lọ́dún kan. Bí abẹ́rẹ́ kò bá dúró lórí òdo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka wá lílù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, kí wọ́n fẹ́ aṣọ títí lílù náà á fi pòórá, kí wọ́n rántí nọ́ńbà ibẹ̀, kí wọ́n jò ó tán. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá fẹ́ ẹ kọjá nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú 30, kí wọ́n sì máa jò ó ní 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń fo ìgbésẹ̀ ìka yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù. Lára àwọn kan, pàápàá àgbà tí iṣan rẹ̀ ti le, ìró á bẹ̀rẹ̀ ní 190, á dákẹ́ ní 170, á tún padà bẹ̀rẹ̀ ní 150. Ẹni tó fẹ́ aṣọ dé 165 nìkan yóò gbọ́ ti 150, yóò sì fi 40 ṣòfò. Ẹni tó jò ó kíákíá náà yóò fo ìró àkọ́kọ́, nọ́ńbà òkè á wálẹ̀, tìsàlẹ̀ á sì gòkè.

Ojú aago yẹn, 2 ni wọ́n fi pín in. Torí náà, bí ẹ bá rí 135 tàbí 125 nínú ìwé ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ abẹ́rẹ́, ẹni tó kọ ọ́ ṣe ìfojúdíwọ̀n ni. Ẹ tún ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan, ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń kà á bó ṣe rí, 0, 2, 4, 6 àti 8 yóò máa farahàn ní dọ́gbadọ́gba. Bí gbogbo ojú ìwé bá jẹ́ 120/80, 130/80, 140/90, ìfúnpá ìlú kan kì í rí bẹ́ẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé orí òdo náà ni ààlà wà: 136 á di 140, ẹni náà á di aláìsàn; 144 náà á di 140, wọ́n á ní ó kàn dé ẹnu ààlà ni. Alábòójútó tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kíkà kan kì í ṣe àìsàn

Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú kan láàrin. Èyí àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ga jù, ẹ yọ ọ́, ẹ wá àárín méjì tó kù. Ẹni tó kọ 152/94, 144/90 àti 140/88, tirẹ̀ ni 142/89. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n wọn apá méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 10 lọ, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, apá tó ga ni kí wọ́n máa lò títí lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọ̀tún ni tàbí òsì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 20 lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lè ti dí díẹ̀, ó yẹ kí dókítà wá a wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège máa ń dà ẹ̀rọ oníbátìrì láàmú. Kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n sì fetí gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Bí àárín yẹn bá dé 140/90 tàbí jù, ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹni náà padà wá, ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin láàrin, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 180/110 tí àmì àrùn ọkàn sì ti wà lára rẹ̀, wọn kò ní láti dúró de ìpadàbọ̀. Bí ó bá ju 180/120 lọ tí àyà ń dùn ún, tí èémí kò dálẹ̀, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu, tàbí tí apá kan ara ń rọ, ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, kí wọ́n má fi nifedipine sí i lábẹ́ ahọ́n kí nọ́ńbà lè já wálẹ̀. Jíjá lójijì yẹn ti mú rọpárọsẹ̀ bá àwọn ènìyàn, nítorí ọpọlọ tó ti mọ́ agbára gíga lára kò rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó o mọ́.

Kí wọ́n tó kọ oògùn ìgbésí ayé, ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí ẹni náà ti ń lò. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún ìrora ẹ̀yìn àti orúnkún ń gbé ìfúnpá sókè. Oògùn tó ń tú imú tó dí ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo diclofenac lójoojúmọ́ fún oṣù kan kò tíì ní nọ́ńbà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí ara ṣe ń ṣe ènìyàn kò sì lè rọ́pò ìwọ̀n. "BP mi ti gbé, orí ń fọ́ mi," báyìí ni a ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ní àmì rárá, orí fífọ́ tó pọ̀ kò sì ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Nílé, àti fún wákàtí mẹ́rìnlélógún

Àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn ń gòkè bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun dókítà, tó sì ń padà sípò bí wọ́n bá ti délé. Láàrin 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí nọ́ńbà wọn ga nílé ìwòsàn ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ òdìkejì: ìfúnpá dára níwájú nọ́ọ̀sì, ó ga nílé àti níbi iṣẹ́. Irú kejì yìí ló ń dẹ́rù bani, torí kò sẹ́ni tó ń wá wọn. Ìwọ̀n ìta ilé ìwòsàn nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà wọn béèrè rẹ̀: ẹni tó bá kọ 140/90 sí 179/119 ní kílíńììkì, ẹ̀rọ wákàtí 24 ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kẹ́míìsì tó pọ̀ ní Íńgíláǹdì tún ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ti pé ogójì ọdún, ara wa tó wà níbẹ̀ lè yà síbẹ̀ láìdúró de dókítà.

Ẹ̀rọ wákàtí 24 máa ń fún apá fúnra rẹ̀ ní ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, tọ̀sán tòru. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ na apá. Àárín gbogbo rẹ̀ tó dé 130/80, tàbí ti ọ̀sán tó dé 135/85, tàbí ti òru tó dé 120/70, ó ti ga. Kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì wọ́n, nítorí náà ẹ̀rọ ilé ni ọ̀pọ̀ yóò lò.

Ọjọ́ méje ni. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàrin. Nírọ̀lẹ́, bákan náà. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ ro ti ọjọ́ mẹ́fà yòókù pọ̀. Nọ́ńbà òkè 24 ni yóò jẹ́, ẹ pín in sí 24, ẹ ṣe tìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àárín bá dé 135/85, ó bá 140/90 ti ilé ìwòsàn mu. Kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀, èyí tó dùn yín àti èyí tí kò dùn yín. Ẹni tó ń tún un wọ̀n títí yóò fi rí nọ́ńbà tó wù ú ti pàdánù ìdí tó fi ra ẹ̀rọ. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ nítorí ìpayà. Ìpayà náà wà lára ohun tó ń gbé e.

Lágbègbè wa, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló yẹ kí iṣẹ́ yìí ti máa wáyé. Láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀, WHO àti àjọ Resolve to Save Lives ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìkáwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò: nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń wọn àgbàlagbà tó bá wọlé, ohun yòówù kó gbé e wá, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìlànà oògùn kan tó rọrùn. Èrò tó tọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó yege, aṣọ apá méjì tàbí mẹ́ta àti àga tó ní ẹ̀yìn ni yóò sọ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Aboyún kò sí nínú ìdúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. 140/90 lára rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n láàrin wákàtí díẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún purotéènì, pàápàá lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀. 160/110, kí wọ́n tún un wọ̀n láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sílé.

Àwọn àgbà tó ti lé ní 65 àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ tún wọ̀n wọ́n ní ìdúró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó tàbí dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n dìde, kí wọ́n wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ pẹ̀lú 20, tàbí tìsàlẹ̀ pẹ̀lú 10, òyì lè gbé wọn ṣubú lóru bí wọ́n bá dìde lọ tọ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fi oògùn kún oògùn. Nínú ìwé kékeré tí ẹ ń gbé lọ bá a, ẹ kọ ọjọ́, àsìkò, apá ọ̀tún tàbí òsì, ìjókòó tàbí ìdúró, nọ́ńbà méjèèjì àti lílù ọkàn, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ ilé yín dání lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi wé tiwọn lórí apá kan náà.